Káàdì Kẹtàlá Tí Kò Lórúkọ

                              Ilé Kẹsàn-án, Òpópónà Petit-Puits,
                              Le Panier,
                              Marseille.
                              Ogúnjọ́, Oṣù Kejì, 1958.

Léontine, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara ńkọ́, ilé ńkọ́? Ṣé Anselme ọkọ rẹ ń gbádùn, ṣé ikọ́ tó ń wú nígbà Kérésìmesì ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ewúrẹ́ rẹ tó máa ń jẹ aṣọ tí o bá sá? Èmi wà, mo kàn wà náà ni. Ó rẹ̀ mí, Léontine, irú àárẹ̀ tí oorun kò lè wò. Má bínú pé lẹ́tà rẹ méjì wà nílẹ̀ tí n kò fèsì.

Ọ̀rọ̀ Clarisse ni, ẹni tó ń ta ẹja ní èbúté, tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé mi. O kúkú mọ ẹnu rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ti ba ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ jẹ́, ó ti dúdú dé ọrùn ẹsẹ̀. Dókítà ní bí wọn kò bá gé e lọ́jọ́ Ajé, kò ní rí ìparí oṣù. Clarisse ní òun kò lọ. Ó ní kàkà kí òun fi ẹsẹ̀ kan dúró nídìí ẹja, kí wọ́n kúkú sin òun pẹ̀lú méjèèjì. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà lórí omi, kò sí ẹni tó lè bá a wí. Ní ọ̀sán Sátidé, ó fi ìdí wọ́ gun àtẹ̀gùn wá bá mi, ó ní kí n fi káàdì mi woṣẹ́ fún òun, ohun tí káàdì bá wí lòun yóò ṣe.

Mo pò ó, mo ní kó mú ọ̀kan. Kẹtàlá ló mú. O mọ̀ ọ́n: òkú tó ku egungun, tó ń fi dòjé gígùn gé oko, tí orí àti ọwọ́ ènìyàn fọ́n káàkiri nílẹ̀. Gbogbo káàdì yòókù ni wọ́n kọ orúkọ sí nísàlẹ̀, àyàfi òun. Àwa tí à ń wò ó kì í sì í pè é ní ikú. Bó bá ti jáde, ohun kan náà ni gbogbo wa máa ń sọ.

Clarisse gbé e súnmọ́ ojú. "Èyí ò lórúkọ? Àbí owó ìkómọ ló wọ́n bàbá ẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ìyípadà ni. Ó ń gé ohun tó ti gbó kí tuntun lè hù. Wo koríko tó ń yọ láàárín àwọn orí yẹn."

"Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ orin yín. Apollonie, wò mí lójú. Ta lo ti kọ ọ́ fún rí tó kú?"

Irọ́ rọrùn, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí láti pa á. Mo ní, "Barnabé ọkọ mi. Káàdì yìí náà ló mú kó tó lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo ní ìyípadà ni. Kò jí mọ́." Ọdún mẹ́fà rèé, n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìwọ.

Mo rò pé mo ti bà á jẹ́ nìyẹn. Clarisse tún ń wo káàdì. Lójijì ló pariwo, "Yéè! Ẹlẹ́sẹ̀ kan ni bàbá yìí!" Mo wò ó. Òótọ́ ni: ẹsẹ̀ kan ló hàn, èkejì ti wọ inú ilẹ̀ dúdú. Ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń lò ó, n kò rí i rí.

"Ẹlẹ́sẹ̀ kan, ó sì ń ṣiṣẹ́ kiri," ni Clarisse wí. "Ó dáa. O ò purọ́ fún mi, torí náà ìwọ lo máa mú mi lọ. Tí mi ò bá jí, ìwọ lo máa ta ẹja tó wà nínú yìnyín. Ohùn ẹ tó dà bíi ti ológbò tí òjò pa yẹn, a dẹ̀ máa wò ó!"

Wọ́n ti gé e. Ó jí. Ó ti bú nọ́ọ̀sì méjì lórí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Èmi délé, mo jókòó sórí àga Barnabé, mo sun ẹkún tí n kò sun láti ọdún mẹ́fà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mo dìde, mo se ọbẹ̀ tó níyọ̀, mo gbé e lọ fún un. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé e lọ báyìí, orúnkún mi sì ń ké.

Bá mi kí Anselme, kí o bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu. Má fi lẹ́tà dá mi lóhùn o. Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì ṣì pé. Gbé wọn wá bá mi.

Èmi ni tìrẹ tó ti rẹ̀,
Apollonie