Ẹ̀fọn Àgídìngbì àti Àlájà Tó Ti Mánṣẹ́sítà Dé

Sí Rótìmí, ọmọ mi ọkùnrin,

Mo kí ọ, mo kí Munirat ìyàwó rẹ, mo kí Démiládé ọmọ-ọmọ mi tí eyín iwájú rẹ̀ ń mì. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wa níbí yóò máa ṣọ́ ti Àgídìngbì náà. Ẹ̀rọ tí o ń dúró tì ní Oregun kò ní í gbé ọ lọ́wọ́, ọ̀gá rẹ kò ní í fi ojú burúkú wò ọ́, èrè iṣẹ́ rẹ kò sì ní í bọ́ sọ́wọ́ oníṣègùn. Àmín. Bí o bá ń béèrè wa, a wà. Ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, ọ̀kan ló yè. Afẹ́fẹ́ gbé páànù ilé ìdáná, a rí i nínú oko Ìyá Job, ó sì ní òun rò pé ọ̀run ni wọ́n ti ju ú sí òun. Ìyá Job yìí náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí àwọn obìnrin ìjọ, láti ìgbà náà, bó bá ń kí mi, ńṣe ló ń kí mi bí ẹni ń ka ìkéde. Èmi kò sọ pé oyè náà tọ́ sí èmi. Àwọn ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́ pé mo kúrò ní ilé rẹ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn láì jókòó dágbére. Mo sọ fún Munirat pé ìkórè ìjọ ló pè mí. Ìkórè wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ì bá kórè láìsí mi. Mo fẹ́ kí o mọ ohun tó lé mi, mo sì fi kọ lẹ́tà torí pé bí mo bá bá ọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, o máa ń tẹ ohun kan tí ohùn mi á fi máa jáde sí gbogbo ilé, tí àwọn tó ń ṣe irun Munirat á máa dá mi lóhùn. Ọláwọlé tó ń wa ọkọ̀ iṣu wá sí Agége ni yóò mú un wá fún ọ. Jọ̀ọ́, ìwọ nìkan ni kí o kà á.

Ọjọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ yín, inú mi dùn púpọ̀. Pálọ̀ ni ẹ tẹ́ ibùsùn fún mi sí, Démiládé sì kọ̀ láti sùn ní yàrá rẹ̀, ó ní ọ̀dọ̀ Màmá Èkìtì lòun yóò sùn. Ṣùgbọ́n kòtò ìdọ̀tí tó wà lẹ́yìn ọgbà yín yẹn, gbogbo ẹ̀fọn tí àwọn ilé iṣẹ́ Ikeja lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n kó wá. Munirat ti fi ìpara pa ọmọ náà lára, nítorí náà èmi ni wọ́n gbájú mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi apá mi hàn ọ́, o ti wọ aṣọ ilé iṣẹ́, o ń wá kọ́kọ́rọ́ kiri, o ní, Màámi, ara yín ti mọ́ ọn. Mo ní kò burú. Ohun tí ara ìyá kò bá mọ́, kí ni ìyá náà wá ṣe láyé.

Kò pẹ́ náà ni Àlájà Shukurat, ìyá Munirat, ti Mánṣẹ́sítà dé, lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí wọ́n ti ń bá àbúrò Munirat gbé níbẹ̀. Ayálégbé ti ba ilé wọn tó wà ní Ifako-Ijaye jẹ́, ẹ sì ní kí wọ́n dúró lọ́dọ̀ yín títí àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi tún un ṣe. N kò bá yín jà sí ìyẹn. Ìyá ìyàwó ni wọ́n. Àmọ́ ṣé o rántí bí o ṣe pe gbogbo wa jókòó? O ní dókítà òyìnbó sọ pé ara ẹni tó ti pẹ́ ní ìlú òtútù ti gbàgbé bí a ṣe ń bá ibà jà, pé bí ẹ̀fọn bá jẹ wọ́n, ibà náà lè mú wọn bó ṣe ń mú ọmọ ọwọ́. O ní kí a máa ti fèrèsé kí oòrùn tó wọ̀. O ní kí a da omi inú táyà àti agolo ẹ̀yìnkùlé nù, èmi ni mo sì dà á. Mo ń dà á, mo ń bi ara mi pé ara wo ló ń gbàgbé. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, ara mi kò gbàgbé ìkankan nínú yín.

Ní ọjọ́ Sátidé o gun àga, o kan ìṣó mọ́ àjà, o ta néètì funfun sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, ó wálẹ̀ yíká bí ìbòjú ìyàwó tó fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo di àga mú fún ọ. Nǹkan kékeré kan tún wà tí ẹ kì bọ ojú iná ògiri wọn, ó ní omi nínú, ó ń tan iná pupa. Mo rò pé ó ń gba iná ni, mo ní tiwọn ti kún, mo yọ ọ́, mo ki fóònù tèmi síbẹ̀. Munirat sáré wá, ó ní ẹ̀fọn nìyẹn ń lé. Mo ní ó dára, èmi tí mò ń fi ọwọ́ lé tèmi, mi ò mọ̀ pé iná mànàmáná wà fún un. Èyí tí ẹ fi ń gbá ẹ̀fọn pa, tó ní ọwọ́, tó ní wáyà wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ láàárín, mo rò pé ajọ̀ gàrí ìgbàlódé ni. Mo sì da gàrí sí i. Ohun tó ta páápáá tí ẹ̀ ń béèrè lọ́jọ́ náà nìyẹn, ìwọ̀nba gàrí díẹ̀ ló jóná. Fóònù Àlájà ló wá dùn mí jù. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò dún, wọn yóò ní ó ń rán àwọn létí láti pa ìpara, kí àwọn sì lo oògùn àwọn. Rótìmí, fóònù tí o rà fún mi láti ọjọ́ yìí, kò tí ì béèrè rí bóyá mo jẹun.

Bí ẹ bá ti lọ sí ibi iṣẹ́, ìwọ sí Oregun, Munirat sí Aláùsá, Démiládé sí ilé ẹ̀kọ́, àwa méjèèjì là ń kù sílé. Àlájà á pè mí pé kí n wá pa nínú ìpara àwọn, pé ó wà fún gbogbo ènìyàn. Mo ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu, ara mi ti mọ́ ọn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé àpótí ìjókòó lọ sí ẹ̀bá kòtò yẹn, mo ká apá aṣọ mi sókè kí wọ́n lè rí ẹni tí kò ní ìyọnu. Wọ́n jáde tọ̀ mí wá, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, pẹ̀lú aṣọ alápá gígùn, pẹ̀lú ìborùn tó ku ojú nìkan, nínú ooru yẹn. Wọ́n gbé ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín dání, wọ́n ní àwọn kì í lè dá jẹun. A jọ jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan. Mo jẹ ẹ́ o, ṣùgbọ́n inú mi kò yọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló wá lé mi. O wọlé pẹ̀lú ọ̀rá kan lọ́wọ́, mo rí i pé ìpara ẹ̀fọn ni, mo ti na ọwọ́. O ní, Màámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, o sì gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sí yàrá Àlájà. Ọwọ́ mi wà nínú afẹ́fẹ́. Mo bi Démiládé pé kí ló dé tí bàbá rẹ̀ kò ra tèmi. Ọmọ náà ní Àlájà ni àlejò àwọn, èmi kì í ṣe àlejò. Ó rò pé òun ń yìn mí. Mo kọjú sí ògiri, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, mo di ẹrù mi.

Ó lé díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan tí mo dé ilé ni òtútù mú mi ní ọ̀sán gangan, orí ń fọ́ mi, ẹnu mi korò bí ewúro. Ìyá Job ló fà mí lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, Bọ́sẹ̀dé lorúkọ rẹ̀, gún mi ní ìka, ó kán ẹ̀jẹ̀ mi sórí nǹkan funfun pẹlẹbẹ kan, ó gbé e síwájú mi, ó ní kí n dúró. Mo mọ nǹkan yẹn. Nígbà tí Munirat lóyún Démiládé, irú rẹ̀ ló fi hàn mí, ó ní bí ó bá jẹ́ ìlà kan, kò sí nǹkan kan, bí ó bá jẹ́ méjì, oyún ti dé. Mo ń wò ó. Ìlà kan yọ, mo dúpẹ́. Ìgbà tó yá, èkejì yọ.

Rótìmí, oyún kẹ̀! Bàbá rẹ ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún mẹ́fà. Mo ro gbogbo ibi tí mo sùn sí, mo ro afẹ́fẹ́ tó ń jáde láti àwọn ilé iṣẹ́ Ikeja wọ̀nyẹn, mo ní àbí ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí. Ìyá Job wà lórí bẹ́ǹṣì ní ìta, mo ti ń gbọ́ bí yóò ṣe gbé e kalẹ̀ ní ìpàdé obìnrin pé kí a fi mí sínú àdúrà. Mo di ọwọ́ Bọ́sẹ̀dé mú, mo ní, ọmọ mi, jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò mọ ọkùnrin kankan. Ó wò mí títí, ó ní ọkùnrin wo. Mo na ìka sí ìlà méjì. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìgbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, Màmá, ibà ni, kì í ṣe ọmọ.

Ó fún mi ní oògùn, ó ní kí n lò ó tán bí ara mi bá tilẹ̀ ti yá. Mo ṣàlàyé fún un pé ara mi ti mọ́ ẹ̀fọn. Ó ní kò sí ara tó mọ́ ọn tán, pé ẹni tó bá ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ọmọdé ni o, àgbà ni o, kó bo ara rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kó sì sùn sínú néètì. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọmọ mi. Ó rò pé mò ń ṣeré.

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé ni Àlájà ti ń pè mí, n kì í gbé e. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo gbé e, torí ibà ti gba agbára ìbínú lọ́wọ́ mi. Wọ́n béèrè ohun tó ṣe mí, mo sọ ọ̀rọ̀ ìlà méjì fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn, èmi náà sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú orí fífọ́ mi. Lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn mọ̀ pé inú ń bí mi, pé inú ń bí àwọn náà sí mi. Mo ní sí èmi kẹ̀. Wọ́n ní ní Mánṣẹ́sítà, ọmọ àwọn á jáde láàárọ̀, á wọlé lálẹ́, àwọn á sì jókòó sínú yàrá tí kò sí ẹ̀fọn, tí kò sì sí ènìyàn. Wọ́n ní ìgbà gbogbo ni àwọn ń rò ó bí àwọn yóò ṣe gbé Démiládé lé itan, àwọn wá délé, ọmọ náà ń sá fún òórùn ìpara. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn á wà nínú néètì, àwọn á máa gbọ́ èmi àti ọmọ náà tí à ń pàlọ́ ní pálọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní àwọn ti gbá etí néètì náà mú láti jáde wá bá wa, ẹ̀rù ibà sì dá àwọn dúró.

Mo ti rò pé ẹni tó wà nínú néètì ló ń jẹ ayé. Mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní ọjọ́ wo ni mò ń bọ̀.

Wọ́n ti padà sí Ifako-Ijaye báyìí, ìwọ náà mọ̀, wọ́n sì ń pè mí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n má baà dá jẹun. Ìyá Job á wá jókòó tì mí ní àsìkò náà, á ní kí n jẹ́ kí òun náà kí Àlájà. Mo máa ń sọ fún un pé Àlájà ń kírun.

Ohun tí mò ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò pọ̀. Fi owó páànù ránṣẹ́ nípasẹ̀ Ọláwọlé, kì í ṣe sí báńkì, torí ẹ̀rọ báńkì kan ní Adó ní òun kò dá ojú mi mọ̀, bẹ́ẹ̀ mo wẹ̀ kí n tó lọ. Ra ìpara fún mi, irú ti Àlájà gan-an, kì í ṣe àbúrò rẹ̀. Mò ń bọ̀ nígbà Kérésìmesì. Kí ó tó dìgbà náà, kí ìwọ àti àwọn ará àdúgbò gbá kòtò yẹn, kí o fi néètì sí fèrèsé pálọ̀, kí o sì ta òmíràn tó gbòòrò síbẹ̀, tí yóò gba ìyá méjì àti ọmọ kan.

Ọlọ́run tó fi inú mi bò ọ́ kí o tó mọ ayé yóò máa bò ọ́ lọ. Ohun tó ń kọrin létí kó tó jẹni kò ní í rí ọ jẹ. O kò ní í pàdánù aya, o kò ní í pàdánù ọmọ, ọwọ́ rẹ yóò máa ròkè ni.

Èmi ni ìyá rẹ,
Tinúọlá.

Mo tún rántí: mo gbọ́ pé ìwọ ni Àlájà kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ní àná, oúnjẹ mi sì tutù kí wọ́n tó pè mí. Ní ọ̀sán, máa bá wọn sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ọ́. Ìrọ̀lẹ́ wọn, èmi ni mo ni ín.