Tẹ́tẹ́ Tí Mo Fi Orúkọ Bàbá Mi Ta

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ ìbí àná. Ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ orí fóònù ti rántí yín ṣáájú èmi ọmọ yín; wọ́n fi bọ́nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí láìnì yín. Ẹ̀yin tí ẹ kì í gba tíkẹ́ẹ̀tì ráfù ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì! Ẹ máa ń san owó rẹ̀, ẹ ó sì dá tíkẹ́ẹ̀tì padà, nítorí ẹ kò fẹ́ jẹ ohun tí abẹ́rẹ́ yín kò rán.

Èmi ni mo fi orúkọ yín ta tẹ́tẹ́. Ojú ń tì mí.

Ìjọba ní òfin wà tó ń dáàbò bo àwa tí a ń ta á. Òfin ojú ayé! Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ pa ní Kano níbí, àmọ́ ta ló máa ti èyí tó wà nínú àpò ṣòkòtò mi? Ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ lè ní kí ilé-iṣẹ́ tìlẹ̀kùn mọ́ òun. Mo ní kí wọ́n tì í, wọ́n sì tì í. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, ṣé ó lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀? Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti fi NIN yín àti láìnì yín ṣí àkáǹtì tuntun, mo sì wọlé padà, láìnì tí mi ò jẹ́ kó kú torí àwọn oníbàárà Ibo Road ṣì ń pe nọ́ńbà tó wà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa. Wọ́n yẹ ọjọ́ orí yín wò, ẹ ti dàgbà tó. Kò sẹ́ni tó bèèrè bóyá ẹ ṣì wà láyé. Òmùgọ̀ ni wọ́n fi ń ṣọ́ òmùgọ̀.

Ìyàwó mi ti kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Gwagwarwa. Kò ní padà àfi bó bá fojú ara rẹ̀ rí i pé mi ò lè wọlé sórí tẹ́tẹ́ náà mọ́. Mo pe ilé-iṣẹ́ náà pé kí wọ́n pa àkáǹtì tó wà lórúkọ yín rẹ́. Ọmọbìnrin kan dá mi lóhùn: “Oga, na Baba himself go show face for camera o.” Òfin ni, wọ́n ń dáàbò bò yín. Ṣé kí n wá hú yín jáde ni?

Láàárọ̀ yìí mo yọ síìmù yín, mo gé e sí méjì, torí orí rẹ̀ ni kóòdù tí mo fi ń wọlé ń wá. Àlùmọ́gàjí yín ni mo lò, èyí tí ẹ kì í jẹ́ ká fi gé nǹkan kan àyàfi aṣọ. Ẹ ṣáà gbá mi létí rí nítorí bébà. Ẹ forí jì mí. Mò ń mú méjèèjì lọ sí Gwagwarwa báyìí. Ṣé ó máa gbà mí gbọ́?

Nígbà mìíràn, mo máa ń pe láìnì yẹn kí n lè rí orúkọ yín lójú fóònù mi. Ọdún kẹta rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pè yín tí kò dún.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì fi orúkọ yín ṣe yẹ̀yẹ́.