Aago Mẹ́sàn-án ti Ìlú Wa

                                        Ojúlé 214, Òpópónà Cobalt,
                                        Broken Hill,
                                        New South Wales.
                                        Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹjọ, ọdún 2024.

Ewan, ìwọ tí mo ń pè lọ́rẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀,

Ṣé dáadáa ni o wà? Imogen ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì yín, ṣé wọ́n ń ṣe dáadáa nílé ẹ̀kọ́? Orúnkún rẹ tí ó máa ń dùn ọ́ nígbà òtútù Melbourne, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Má rò pé èmi ni mò ń bèèrè o. Ìyá mi ló jókòó tì mí nídìí tábìlì, ó ní n kò gbọdọ̀ kọ ọ̀rọ̀ mìíràn kí n tó kí ọ tilé-tọ̀nà. Ó dára, mo ti kí ọ. Inú ń bí mi sí ọ, Ewan, ó sì ti tó ọdún méjì tí ó ti ń bí mi.

Ìwé pélébé yín dé ọwọ́ mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èyí tí ẹ ya ilẹ̀ pupa àti kangarú sí, tí ẹ kọ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀ pé, “Ohun Tí Ẹ Ó Bá Pàdé ní Àpéjọ Ọdọọdún Èdè Banksia.” Nísàlẹ̀ ni o ti fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́ pé, “Thora, ìlú rẹ là ń bọ̀ lọ́dún yìí! Rí i pé o wá o!” Ó parí. O kò ní kí n má bínú, o kò tilẹ̀ bèèrè bóyá mo ṣì wà láyé. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ìgbà wo ni mo di àlejò tí a ń kọ ìwé ìtọ́sọ́nà sí? Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni mo lọ sí àpéjọ yẹn. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí gbogbo àwa tí a ń fi èdè Banksia pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kò ju mọ́kàndínlógójì lọ, nínú yàrá òkè ilé ọtí kan ní Geelong, tí ìwọ fúnra rẹ jókòó sórí páálí bíà nítorí pé àga kò tó.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń bá pàdé níbẹ̀ fún ọ, nítorí ìwé rẹ kò sọ ọ́. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á fún mi ní káàdì orúkọ tí a ń fi okùn kọ́ ọrùn. Fún ọdún mẹ́ta gbáko, Thomas Pascoe, orúkọ ọkùnrin, ni èmi Thora ń jẹ́ lára káàdì yẹn. Wọ́n á fún mi ní ṣẹ́ẹ̀tì tí ó lè gba èmi àti ìyá mi pọ̀. Màá tò fún kọfí títí kọfí á fi tán. Tí igba ènìyàn bá ṣí kọ̀ǹpútà wọn lẹ́ẹ̀kan náà, íńtánẹ́ẹ̀tì á dákú, ẹni tí ó wà lórí pèpéle tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn wá lójú ẹsẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn: “Ẹ gbà mí gbọ́ o, láàárọ̀ yìí ló ṣiṣẹ́ ní yàrá mi!” Nígbà tí wọ́n bá ní ta ló ní ìbéèrè, bàbá onírùngbọ̀n kan á dìde, á ní, “Èmi ò ní ìbéèrè o, ọ̀rọ̀ ráńpẹ́ kan ni mo fẹ́ sọ,” á sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1987. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ kò wọ́n ní àpéjọ kankan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gidi wà, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà, ẹ̀yìn ni ẹ ń kọ sí ẹni tí ẹ kò bá mọ̀.

Ọjọ́ méjì tí ó kẹ́yìn nìkan ni mo fẹ́ràn, nígbà tí àwọn onígbéraga bá ti padà sílé tán, tí àwọn tí ó kù á jókòó yí tábìlì ká láti tún kóòdù tí ó bàjẹ́ ṣe. Ibẹ̀ ni èmi pẹ̀lú rẹ ti di ọ̀rẹ́. N kò lè purọ́ mọ́ ìyẹn.

Ohun mìíràn tí ìwé rẹ kò sọ ni adìẹ onírọ́bà. Ìwọ lo rà á, ìwọ lo ṣe òfin rẹ̀: ẹni tí kò bá dé iwájú láàárín ìṣẹ́jú méjì tí àsìkò rẹ̀ pé, a ó tẹ adìẹ nínú, á ké, ẹni tí ó kàn á gòkè. Ọkùnrin kan wọ ọkọ̀ òfuurufú wá láti Darwin, ó yà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìgbà tí yóò fi jáde ẹ ti tẹ adìẹ lé e lórí. Ìwọ lo rẹ́rìn-ín jù lọ́jọ́ náà. O ní, “Bọ̀dá, aago ò mọ ẹni tó ń tọ̀!” Fi ọ̀rọ̀ adìẹ yìí sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ó wá ku Ballarat, ìlú tí a ti ṣe àpéjọ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń tọ́jú kóòdù aago Banksia láìgba kọ́bọ̀, òun ni gbogbo ètò fi ń mọ aago tí ó lù ní ìlú èyíkéyìí. Ìlà mọ́kànlélógójì nínú rẹ̀ jẹ́ ti Broken Hill. O mọ ìdí rẹ̀, nítorí ìdí tábìlì yìí ni ìyá mi ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ ní 2009, nígbà tí o sùn lórí àga gígùn wa fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó sọ fún ọ pé New South Wales, ìpínlẹ̀ Sydney, ni wá lórí bébà, ṣùgbọ́n Adelaide ni ọkọ̀ ojú irin ti kọ́kọ́ wá bá wa, nítorí náà aago Adelaide là ń lò, ó sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wà lẹ́yìn ti Sydney. O mi orí, o jẹ pasty mẹ́ta, páì ẹlẹ́ran tí ìyá mi ń yan. Ní Ballarat, o gbé kóòdù mi sójú ògiri níwájú gbogbo ènìyàn, èmi wà ní ìlà kẹta pẹ̀lú kéèkì lamington lọ́wọ́, o sì ní, “Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wo nǹkan o! Ìlà mọ́kànlélógójì, torí ìlú kan ṣoṣo! Ta ló tiẹ̀ ń gbébẹ̀? Ṣé kangarú ló ń wo aago ni?” Gbọ̀ngàn fẹ́ẹ̀ wó fún ẹ̀rín. O tẹ nǹkan kan, ìlà mọ́kànlélógójì lọ lójú mi. Àtẹ́wọ́ ni wọ́n pa. Nígbà tí mo délé, mo rí i pé o ti yọ orúkọ mi náà kúrò nínú orúkọ àwọn olùtọ́jú, o kọ “àtúnṣe kékeré” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Orí àga gígùn ilé wa ni tèmi sùn sí.

N kò bá ọ jà nígbà náà. N kò tún lọ sí àpéjọ mọ́, ó tán. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo ṣí áàpù àpéjọ yín lórí fóònù mi láti wo ìgbà tí ìyá mi máa sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi, Elva Pascoe, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ẹ ní kí ó wá ṣí àpéjọ nítorí pé òun ló ń lu ihò sára káàdì fún kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ ìwakùsà gbé wọ ìlú yìí ní 1966. Lẹ́tà tí o fọwọ́ sí ránṣẹ́ sí i sọ pé aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Áàpù yín sọ pé aago mẹ́jọ ààbọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín, Ewan. Mo rẹ́rìn-ín títí ajá fi jí. Ìwọ jókòó sí Melbourne, o kọ mẹ́sàn-án, o ní New South Wales. Kóòdù aago tí o sọ di arọ kò mọ Broken Hill mọ́, ó gbà pé mẹ́sàn-án Sydney ni. Mẹ́sàn-án Sydney ni mẹ́jọ ààbọ̀ níbí. Fóònù gbogbo àlejò yín ló sì máa sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Igba ènìyàn á jókòó ní mẹ́jọ ààbọ̀, wọ́n á máa wo ẹnu ọ̀nà, ìyá mi á ṣì wà nílé tí yóò máa mu tíì.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti parí lẹ́nu mi, nítorí mo rántí adìẹ. Ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ẹni tí ó kàn á gòkè, ẹnìkan á sì sọ ọ́, bóyá ìwọ gan-an, pé, “Arúgbó ni, ó ti lè gbàgbé.” Ìwọ kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn máa ṣe fún un. Ní oṣù kẹfà ó gbàgbé ìkòkò lórí iná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti ìgbà náà ni ìdajì òpópónà yìí ti ń bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ó fẹ́ fi àpéjọ yín hàn wọ́n pé orí òun ṣì pé. Ó ti ra bàtà tuntun. Ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn àwọn káàdì àtijọ́ mẹ́sàn-án tí ó tọ́jú láti ọjọ́ yẹn, ó sì ti há gbogbo rẹ̀ sórí. Bí ó bá wọlé ní mẹ́sàn-án tí ó bá ẹlòmíràn lórí pèpéle, tí igba ojú yí padà wò ó, kò ní jáde nílé mọ́. Mo mọ ìyá mi.

O lè ní kí n kúkú mú un wá ní mẹ́jọ ààbọ̀. Mo gbìyànjú rẹ̀.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká ti débẹ̀ ní mẹ́jọ ààbọ̀.”

“Kí ni wọ́n kọ sínú lẹ́tà mi?”

“Mẹ́sàn-án ni.”

“Mẹ́sàn-án ti ibo?”

“Ti ìlú yìí, ṣùgbọ́n fóònù àwọn àlejò—”

“Thora, bàbá ẹ wọ kòtò ìwakùsà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò pẹ́ rí, kò sì yá jù rí. Èmi náà kì í pẹ́, mi kì í yá jù. Ta wá ni fóònù tó fẹ́ kọ́ mi láago? Gbé tíì mi wá jàre.”

Ó parí síbẹ̀. Ibi tí gbogbo wa ti ń fi ẹjọ́ kóòdù sùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà kò ràn mí lọ́wọ́, mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé Broken Hill ti sọnù nínú aago yín. Láti oṣù kẹrin ni mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́, kí n tó mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ níbí. Róbọ́ọ̀tì tí o gbé síbẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà tí ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, dúró fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó rí i pé ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn, ó ti ẹjọ́ náà pa, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo tún un kọ. Ó tún un tì, ó tún dúpẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi lẹ sítáǹbù mọ́ àpòòwé. Kò tíì sí róbọ́ọ̀tì tí ó lè ti lẹ́tà pa.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Fún ọjọ́ mẹ́ta ni mo gbèrò láti dákẹ́, kí ojú lè tì ọ́. Ṣùgbọ́n orí ẹlòmíràn ni ìtìjú náà máa bọ́ sí, o sì ti fi ìlú mi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Nínú àpòòwé yìí, wàá rí bébà méjì. Ìlà mọ́kànlélógójì náà ni mo fi ọwọ́ dà kọ sí i. Dá wọn padà síbi tí o ti gé wọn, kí o sì kọ orúkọ mi sí orí wọn. Mo mọ̀ ọ́, o fẹ́ràn ọ̀nà àbùjá: má kàn lọ yí mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án ààbọ̀ nínú ìwé ètò kí o wá sọ pé o ti tún un ṣe. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kóòdù ló ń ṣàìsàn. Bí o bá ṣe àbùjá yẹn, màá rí i, nítorí ojoojúmọ́ ni mo máa ń ka kóòdù náà, àní lẹ́yìn tí o lé mi tán.

Ìyá mi kò mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ballarat. Jígí ojú rẹ̀ wà nínú yàrá, kò lè ka ohun tí mò ń kọ yìí. Ó gbà pé iṣẹ́ ló pọ̀ fún ọ tí o kò fi yọjú mọ́. Ó ní kí n kí Imogen, kí n bá òun fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu, kí n sì sọ fún ọ pé òun ti fi pasty mẹ́rin pamọ́ sínú fírísà dè ọ́, èyí tí kò ní kárọ́ọ̀tì, bí o ṣe fẹ́ràn rẹ̀.

Gbọ̀ngàn yín kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́rin sí ẹnu ọ̀nà wa. Ní Sátidé tí àpéjọ yín máa bẹ̀rẹ̀, màá rìn débẹ̀ ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, màá yọjú lójú fèrèsé. Tí mo bá bá gbogbo àga lófìfo, màá padà wá mú ìyá mi, á sì wọlé ní mẹ́sàn-án gééré bí ó ṣe máa ń ṣe. Tí mo bá rí i pé ẹ ti jókòó, fúnra mi ni màá bọ́ bàtà tuntun náà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, màá sì sọ ohun tí o ṣe fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹni tí kì í ṣe tìrẹ mọ́, àfi bí àga bá ṣófo,

                                        Thora Pascoe