Àpò Ẹ̀gẹ́ Mẹ́ta Nínú Odò

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá 2024

Irọ́ ni. N kò sá lọ sí Benin. Igbodigo ni mo wà, nínú yàrá mi, ẹ̀fọn ń jẹ mí. Ẹni tó ní òun rí èmi Jethro nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹlòmíràn ló rí. N kò sì jí ẹ̀gẹ́ Màmá Agatha.

Mo ń kọ ọ́ síbí torí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ parí. Òjò ńlá rọ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá. Ẹsẹ̀ ń dun màámi. Ó ní kí n lọ kó àpò ẹ̀gẹ́ mẹ́ta tí a rẹ sódò kí omi tó gbé wọn lọ. Mo lọ. Ìdí òpó wa ni mo ti kó wọn, níbi tí a ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ láti ìgbà tí bàbá mi wà láyé. Omi dúdú, ọwọ́ ni mo fi ń wá a. Mo dé ilé, mo fi àdá bẹ́ ẹnu àpò, màámi fi ẹ̀gẹ́ náà ṣe pupuru. Lọ́jọ́ kẹta, Màmá Agatha dé odò, kò bá àpò mẹ́ta tirẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé èmi ni wọ́n rí tó ń ru àpò nínú òjò.

Níbí, ènìyàn lè jí adìẹ kí wọ́n ṣì máa kí i. Ẹni tó bá jí ẹ̀gẹ́ nínú omi, wọn kì í kí i mọ́.

Àwọn tó dúró tì mí: màámi, Oyèkànmí tí a jọ ń kọ ẹyìn, Pásítọ̀ Ìbítáyọ̀, akọrin mẹ́rin. Méje.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Ìjì jà lẹ́nu ọ̀nà wa láàárọ̀. Ìjì ni mo ń pe Màmá Agatha. Opó ni, ará etí òkun. Pupuru ló ń ṣe, tó ń gbé lọ tà fún àwọn apẹja wọn. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ Ìkálẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀, mo gbà. Ṣé ẹ̀yin náà lẹ tún ni omi?"

Ó ní ká lọ búra níwájú òrìṣà Ayélála. Kò sẹ́ni tí kò mọ bí wọ́n ní ó ṣe ń pa ẹni tó búra èké. Mo ní ká máa lọ! Mo ti wọ bàtà. Màámi di ṣòkòtò mi mú.

Ọjọ́rú, 9

Pásítọ̀ ní ọmọ Ọlọ́run kì í búra. Mo ní wọn á pè mí lólè. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n pè ọ́. Ọdún mẹ́fà lo ti gba Jésù, Jethro, ẹ̀gẹ́ ọjọ́ kan lo ṣì jẹ́ nínú omi. O le gbagidi." N kò dágbére fún un.

Ìlú ti gbọ́ pé n kò búra. Wọ́n ní ẹ̀rù bà mí. Akọrin mẹ́ta ti sá. Mẹ́rin.

Ọjọ́bọ̀, 10

Mo gbààwẹ̀. Ebi nìkan ló dáhùn.

Ọjọ́ Àìkú, 13

Ìkórè. Wọ́n ní kí n má wọ aṣọ akọrin. Màámi gbé agbọ̀n pupuru wá, Pásítọ̀ gbé e sókè níwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ìjì, tí òun náà wá síbi ìkórè, dìde, ó jáde.

Mo gbàdúrà kí ọjà rẹ̀ bàjẹ́. Mo dárúkọ rẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà.

Ọjọ́ Ajé, 14

Akọrin tó kù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni pé igi ni mí. Mẹ́ta.

Oyèkànmí ní, "Fi í sílẹ̀ jàre. Àjèjì ni. Kódà, ká ní ìwọ lo jí i, ṣé torí ará etí òkun la ó fi ọmọ wa sílẹ̀?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo gun ọ̀pẹ. Orí ọ̀pẹ ni mo wà kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi.

Kódà, ká ní.

Ọjọ́ Ẹtì, 18

Omi ti fà. Mo lọ gé ọparun nísàlẹ̀ odò. Àpò mẹ́ta há sábẹ́ gbòǹgbò. Ẹ̀gẹ́ inú wọn ti di ẹrẹ̀, òórùn rẹ̀ burú. Mo wo ẹnu wọn. Kókó okùn igbà ni – bí mo ṣe ń so igbà tí mo fi ń gun ọ̀pẹ. Kò sí ẹlòmíràn tó ń so àpò bẹ́ẹ̀ ní gbogbo odò yẹn. Ìkún omi ti yí tiwa lọ, ó gbé ti Màmá Agatha wá sídìí òpó wa.

Pupuru tí a jẹ. Pupuru tí a gbé síwájú Ọlọ́run. Ká ní mo búra!

Mo wo ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni. Mo fi ẹsẹ̀ tì wọ́n padà sábẹ́ gbòǹgbò, mo sá wálé. Ọlọ́run, kí lo fẹ́ kí n ṣe? Màámi ni. Orúkọ màámi ni yóò bàjẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19

N kò lè gbàdúrà. Mo kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, òórùn ẹ̀gẹ́ yẹn ni mo ń gbọ́.

Mo sọ fún màámi. Ó ní, "Odò ló ṣe é, kì í ṣe ìwọ. Jẹ́ kí odò gbé e lọ." Ó wá sunkún, ó ní kí n má bọ́ òun láṣọ lójú ìjọ. N kò tíì kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu rí láyé mi.

Ọjọ́ Àìkú, 20

Mo ti lọ gé ẹnu àpò kan lábẹ́ gbòǹgbò láàárọ̀, mo mú un dání, kókó ṣì wà lára rẹ̀. Mo dìde nígbà ìjẹ́rìí. Mo ní, èmi ni mo kó ẹ̀gẹ́ Màmá Agatha. Ẹnì kan rò pé mo ń ṣàwàdà, ó pariwo halelúyà.

Pásítọ̀ kò yìn mí. Ó ní ká gbàdúrà. Màámi fi ìborùn bojú, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde. Oyèkànmí dúró dè mí níta: "Ta ló bi ọ́ léèrè?" Ó ní kí n wá ẹlòmíràn tí a ó jọ máa kọ ẹyìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22

Mo wa ẹ̀gẹ́ àpò mẹ́ta nínú oko mi, mo rù ú lọ sílé Màmá Agatha. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò pariwo. Ìyẹn le ju ìjì lọ.

Ó ní, "Wọ́n ní o ṣèèṣì ni."

Mo ní, "Mo ṣèèṣì kó o, mà. Mi ò ṣèèṣì tì í padà sábẹ́ gbòǹgbò nígbà tí mo rí i. Mi ò sì ṣèèṣì gbàdúrà kí ọjà yín bàjẹ́."

Ó wò mí títí. N kò mọ ohun tó rí. Kò ní òun dárí jì mí. Ó na ọ̀bẹ kan sí mi, ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan sọ́dọ̀ mi. A bó ẹ̀gẹ́ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Nígbà tí a dé odò, ó gba okùn lọ́wọ́ mi, ó fi kókó tirẹ̀ hàn mí. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo so ó kí ó tó gbà.

Màámi kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Mo ṣí ìwé yìí láti ka àwọn tó kù tó dúró tì mí. Ọwọ́ mi ṣì ń rùn. N kò kà wọ́n. Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ á rọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, èmi ni mo máa lọ kó o.