Bírọ́ọ̀ṣì, Ọ̀rá àti Àyà Jàáfárù

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Hausari,
                                        Maiduguri,
                                        Ìpínlẹ̀ Borno.
                                        9 Oṣù Kẹrin, 2025.

Sàmíát, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà n'Ílọrin? Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ wọn ti fúyẹ́? Àwa níbí wà láàyè, ooru nìkan ló ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. O kọ̀wé pé ikọ́ Déwálé ọkọ rẹ kò lọ, àti pé ojoojúmọ́ lẹ ń jà lórí iṣẹ́ fáíbà rẹ̀. Omijé bọ́ lójú mi. Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Ohun tó ń ṣe ọ́ ló ṣe èmi náà.

O mọ̀ pé inú ọgbà wa ni Rasheed ọkọ mi ti ń ṣe òrùlé kẹ̀kẹ́ Márúwá. Á tẹ́ aṣọ fáíbà, èyí tí wọ́n fi fọ́nrán gíláàsì hun, sínú mọ́ọ̀dù tó ní ìrísí òrùlé, á fi bírọ́ọ̀ṣì kun rẹ́sìn, oje tó máa ń le bí òkúta, lé e, ìpele lórí ìpele. Òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé. Bí Jàáfárù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni ń fọn fèrè nìyẹn, ọmọ oṣù mẹ́jọ! Etí mi kì í kúrò láyà rẹ̀. Mo ní bí Rasheed kò bá kó iṣẹ́ yẹn kúrò, màá gbé ọmọ mi lọ sílé wa ní Ọ̀fà. Ó ní, "Ìyá Jàáfárù, ṣé afẹ́fẹ́ Ọ̀fà lẹ máa jẹ?"

Agùnbánirọ̀ kan ládùúgbò wa tó ń jẹ́ Tèmi ló ní ọ̀nà mìíràn wà: kí ó tẹ́ fáíbà ní gbígbẹ, kí ó fi ọ̀rá bò ó, kí ó lẹ etí ọ̀rá náà pa, kí ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, rẹ́sìn á wá gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé fúnra rẹ̀. Òórùn á dín kù. Rasheed kùn títí, ó yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹni tó ń tún fìríìjì ṣe.

Ti àkọ́kọ́ bàjẹ́. Abọ́ kékeré ló máa ń po nígbà tó ń lo bírọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ yẹn ó po odindi bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó da oògùn tó ń mú un le sí i bó ṣe máa ń dà á, lọ́sàn-án gangan, nínú ooru tiwa yìí! Pípọ̀ rẹ̀ àti ooru mú un gbóná jù: bọ́kẹ́ẹ̀tì rú èéfín, rẹ́sìn le pa sínú rọ́bà. Rasheed nawọ́ mú bírọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré sí i. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kejì, tí ooru kò tíì mú, ó ní òun á dín oògùn náà kù, àmọ́ kó tó ṣí rẹ́sìn sílẹ̀, ọ̀rá kọ̀, kò fún mọ́ fáíbà. Afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé níbì kan. Tèmi wá a tì, Rasheed wá a tì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo dẹ etí sí i bí mo ṣe máa ń dẹ ẹ́ sí àyà ọmọ mi. Mo gbọ́ ọ: fíín. "Ibí ni!" Rasheed tẹ̀ ẹ́ pa, ó ní, "Haba! Etí wo rèé?"

Òrùlé yẹn le, ó sì fúyẹ́. Ọwọ́ kan ni Rasheed fi gbé e. Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún ọ: bí iná bá lọ, wàhálà dé, ọ̀rá yẹn kò sì ṣeé lò lẹ́ẹ̀mejì. Bírọ́ọ̀ṣì ṣì ni fún àtúnṣe kéékèèké, ẹ̀yìn ọgbà ló ti ń ṣe ìyẹn báyìí, pẹ̀lú ìbomú.

Mú Déwálé lọ rí dókítà ná. Lẹ́yìn náà, má bá a jà mọ́, jókòó tì í, kẹ́ ẹ jọ gbìyànjú ọ̀nà ọ̀rá yìí. Bá mi kí Màmá.

Lánàá, Rasheed ń ṣe òrùlé kẹta lọ́wọ́, Jàáfárù sùn sí yàrá. Mo gbé etí lé e láyà. Mi ò gbọ́ fèrè kankan.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ elétí ajá,

Habeebah