Orúkọ Kejìlá

Màámi, ẹni mi ọ̀wọ́n,

Òní ni ọlidé yín. Gbogbo ilé obì láti Agége títí dé ọ̀nà Ìkẹjà ló ti ìlẹ̀kùn pa, nítorí ìgbìmọ̀ ìlú ti fọwọ́ sí i pé kí àwọn obìnrin tó ń ṣa obì máa sinmi lọ́jọ́ yìí lọ́dọọdún ní ìrántí yín. Mo rò pé ayọ̀ ni n ó fi kọ lẹ́tà yìí. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó tì í, ọwọ́ mi kò yá.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi àdín pa ọwọ́ kí ẹ tó wá sí ilé ìwé mi? Omi obì ti sọ ìka yín di pupa rúsúrúsú, ẹ ó sì kó wọn pamọ́ sábẹ́ ìborùn kí tíṣà má baà rí wọn. Ọwọ́ yẹn ló rán mi níwèé. Nígbà tí ọ̀gá ilé obì tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ gbà mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, inú yín dùn débi pé ẹ kò pe orúkọ mi mọ́ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín. Akọ̀wé ni ẹ ń pè mí.

Lọ́dún náà, ìyàwó kan bímọ, kò pé ogójì ọjọ́ tó fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá kò gbà kó dìde lọ fún ọmọ lọ́mú. Ọmọ ń ké lẹ́yìn ilé, wàrà ń ṣàn lára ìyá rẹ̀ sórí obì tó ń ṣà. Ẹ wò ó lọ́jọ́ kìíní, ẹ wò ó lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ da obì ọwọ́ yín sínú agbọ̀n, ẹ káwọ́ gbera, gbogbo obìnrin yòókù sì ṣe bẹ́ẹ̀. Obì tó yẹ kí rélùwéè kó lọ sí Òkè Ọya bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ sínú ilé.

Inú yàrá wa ni ẹ̀yin méjìlá tó ṣáájú ti ń pàdé. Èmi ni mò ń bu omi fún yín, mo sì mọ gbogbo yín pátá. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi bà mí nígbà tí ọ̀gá pè mí wọlé, tó ní kí n kọ orúkọ àwọn tó kó àwọn yòókù sòdí, kí òun lè lé wọn. Ojú ló fi mọ ọ̀pọ̀ nínú yín, kò mọ orúkọ. Ó ní bí n kò bá kọ ọ́, kí n máa lọ sílé. Mo lè lọ sílé, Màámi. Kí ló dé tí n kò lọ? Mo kọ mọ́kànlá. Nígbà tó kan yín, mo gbé kálàmù sílẹ̀. Mo rò pé mo gbà yín là ni.

Wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ìlẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin obìnrin kò mọ̀wé, ẹ ní kí n kà á. Mo kà á láti orí Ìyá Sàfú, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ wá sí Agége, títí dé ẹni kọkànlá, ìwé tán. Wọ́n ṣì ń retí. Ìyá Sàfú yíjú wò yín. Ta ni kò ní rò pé ẹ̀yin lẹ rán mi, pé kí n kọ tiwọn, kí n yọ tiyín? Ẹ̀yin náà wò mí, mo sì mọ̀ pé ẹ ti mọ̀. Ẹ kò sẹ́. Ẹ wé gèlè yín, ẹ tẹ̀lé àwọn tí wọ́n lé jáde, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ẹ bá àwọn rìn.

Nílé, ẹ bu oúnjẹ fún mi bí ẹ ti máa ń ṣe. Ìgbà tí mo bú sẹ́kún ni ẹ tó sọ̀rọ̀.

"Jẹ́ kí wọ́n gbà pé èmi ni mo rán ọ. Orúkọ tèmi ti bàjẹ́, kí tìrẹ má bàjẹ́ mọ́ ọn."

Mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ fún mi láyé, èyí tó rọ̀ mí lọ́rùn jù ni mo gbọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọ̀gá fi gbà kí àwọn abiyamọ máa lọ fún ọmọ lọ́mú, torí àwọn tó ṣẹ́kù kò fọwọ́ kan obì. Gbogbo Agége ń yin àwọn mọ́kànlá. Ẹ̀yin kò padà sí ilé obì mọ́, ẹ ń lọ bẹ ẹ̀gẹ́ fún àwọn ará Dòpèmú kí ẹ lè rówó. Bí Ìyá Sàfú bá pàdé yín lọ́nà, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ibà ló mú yín lọ lẹ́yìn ọdún méjì, n kò sì rí ẹyọ obìnrin obì kan níbi ìsìnkú yín.

Lẹ́yìn náà mo fi ilé obì sílẹ̀, mo kọ́ táípù, mo rí iṣẹ́ sí Ìkẹjà. Nígbà tí àwọn obìnrin wá fẹ́ tọrọ ọlidé lọ́wọ́ ìgbìmọ̀, èmi ni wọ́n bẹ̀ láti kọ ìwé. Ìyá Sàfú ní ẹ̀ṣẹ̀ ìyá kò yẹ kó kan ọmọ, torí ọmọ kò lè kọ iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ bá rán an. Mo jókòó láàárín wọn. Ó ń pe orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ náà rántí lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ń kọ ọ́. Ó pe mọ́kànlá, ó dákẹ́. Mo bá sọ fún wọn pé ẹ kò rán mi.

Ẹnì kan dìde, ó jáde. Ìyá Sàfú yíjú sí mi.

"Nígbà tó ń kú lọ, ṣé ó béèrè mi?"

Mo ní ẹ béèrè rẹ̀, lójoojúmọ́ ni. Ó fi ìborùn bojú. Lẹ́yìn náà ó ní kí n mú ìwé mìíràn, kí n kọ orúkọ yín nìkan síbẹ̀. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ní kí n má wá sí ìpàdé àwọn mọ́.

Láàárọ̀ yìí wọ́n wá sí ẹ̀yìnkùlé, síbi tí a sin yín sí. Ìyá Sàfú jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń bá yín sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, n kò sún mọ́ wọn. Kí ló sọ fún yín? Ṣé ẹ dá a lóhùn? Wọ́n kí mi nígbà tí wọ́n ń lọ, bí a ti ń kí onílé.

Àwọn ọmọdé tí kò rí yín rí ti ń pe orúkọ yín kiri báyìí. Ẹ̀yin ni ẹ kò gbọ́. Ọdún méjì gbáko ni mo ní láti sọ òtítọ́ nígbà tí ẹ wà láyé, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí ẹ bá ti Dòpèmú dé, tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Mo ń dáhùn pé ó ń lọ. Ẹ̀ bá ti bínú sí mi, Màámi. Ẹ̀ bá ti nà mí.

Èmi ni, ọmọ yín kan ṣoṣo, tí àárò yín ń sọ.