Màmá Rèbékà Àṣàkẹ́ Ògúntádé (1904–1978): Abiyamọ tí Ìwé Káńsù Pè ní Àgàn

Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni a ti bí Màmá Rèbékà Àṣàkẹ́ Ògúntádé ní nǹkan bí ọdún 1904, sínú ìdílé Àkàngbé ahunṣọ àti Abọ́dúndé aya rẹ̀. Nínú ọmọbìnrin mẹ́rin, Màmá nìkan ni ikú jẹ́ kó dàgbà. Màmá kò lọ sí ilé ìwé ju ti Ọjọ́ Ìsinmi lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ka Bíbélì Yorùbá láti páálí dé páálí, wọ́n sì ń fi ìyẹn halẹ̀ mọ́ àwa tí a lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ní 1925, Màmá fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Gbádé Ògúntádé, òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Ìdó, ní Èkó. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni wọn kò gbọ́ igbe ọmọ nínú ilé. Àwọn ẹbí ọkọ pe Màmá ní àgàn lójú, wọ́n pè wọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ní 1936 ni Ọlọ́run fi Ọláníyì dá Màmá lóhùn; Abọ́sẹ̀dé tẹ̀lé e, Kíkẹ́ sì ni àbíkẹ́yìn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá kí Màmá tí kò pè wọ́n ní ìyá Ọláníyì, kò tíì kí wọn.

Òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì ni Màmá ń tà fún àwọn télọ̀ ní Ọ̀yìngbò fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, àwọn ni olórí àwọn tó ń bẹ arúgbó wò. Màmá wẹ̀ fún arúgbó, wọ́n gé èékánná wọn, wọ́n sì bá èyí tí kò bá jẹun jà. Nítorí náà, ní 1974, nígbà tí káńsù àti ilé ìwòsàn ìjọba fẹnu kò pé nọ́ọ̀sì yóò máa tọ́jú àwọn arúgbó nílé, Màmá ni wọ́n pè sí ìpàdé. A kò ní dárúkọ káńsù náà. Ẹni tó ṣe é mọ ara rẹ̀. Káńsù ní nọ́ọ̀sì kò tó. Màmá dìde, wọ́n ní: “Àwọn tí kò lọ́mọ ni kí ẹ máa tọ́jú. Ẹni tó bímọ ti ní nọ́ọ̀sì tirẹ̀.” Gbogbo ìpàdé pàtẹ́wọ́, ó sì di òfin.

Ní oṣù Kẹfà 1977, ìtọ̀ ṣúgà dá egbò sí Màmá lẹ́sẹ̀. Bàbá ti kú ní 1961. Ọláníyì wà ní Kano, Abọ́sẹ̀dé wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kíkẹ́ nìkan ló wà nítòsí, iṣẹ́ tíṣà sì kì í jẹ́ kó wà nílé lójúmọmọ. Ilé ìwòsàn fún un ní ìwé pé kí káńsù rán nọ́ọ̀sì wá máa wẹ egbò náà. Káńsù ní Màmá bímọ, kò tọ́ sí wọn. Kíkẹ́ padà sí ilé ìwòsàn. Àwọn yẹn ní iṣẹ́ tiwọn ti tán, ó ku ti káńsù. Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi gbá ọmọ ọlọ́mọ kiri bíi bọ́ọ̀lù. Akọ̀wé káńsù kan, Ambrose, ló wá ṣàánú rẹ̀: “Àǹtí, ẹ kọ ọ́ pé Màmá ò lọ́mọ jàre. Ta ló fẹ́ wá wádìí?” Kíkẹ́ ro ti ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú káàdì tí nọ́ọ̀sì yóò máa mú rìn, ó sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí aládùúgbò.

Nọ́ọ̀sì dé lóòótọ́. Sìmíátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ dáadáa ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wẹ egbò náà, ó sì ti ń jinná. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tu Màmá nínú. Ó ní: “Ẹ má dárò, Màmá. Ọlọ́run ni ọmọ ẹni tí kò bímọ. Mo rí i nínú káàdì yín.” Màmá ní kó ka káàdì náà sí àwọn létí. Ó kà á, ó túmọ̀ rẹ̀, títí dórí orúkọ Kíkẹ́, aládùúgbò. Màmá ní kó palẹ̀ báàgì rẹ̀ mọ́, kó máa lọ, kó má padà wá mọ́. Kíkẹ́ kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ títí, ó sunkún. Màmá ní: “Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣé ìwọ náà ló tún wá fi bírò kọ ọ́?”

Kíkẹ́ ń fi omi iyọ̀ wẹ egbò náà kó tó lọ síbi iṣẹ́ àti nígbà tó bá dé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà ń rà. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kìíní 1978, ó gbé Màmá dé ilé ìwòsàn. Àwọn tibẹ̀ ní kó lọ gba ìwé wá lọ́dọ̀ káńsù. Káńsù ní Màmá ló lé nọ́ọ̀sì, orúkọ wọn ti kúrò nínú ìwé. Inú takisí, láàárín ọ́fíìsì méjèèjì, ni Màmá dákẹ́ sí. Inú ń bí wa, a kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn kan nínú ẹbí ní kí a yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò, pé a kì í tẹ irú rẹ̀ sínú ìwé ìsìnkú. Kíkẹ́ ló yarí pé kó wà níbẹ̀.

Màmá fi ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ mẹ́jọ sáyé lọ: Ọláníyì, ní Kano, Abọ́sẹ̀dé, ní Lọ́ńdọ̀nù, àti Kíkẹ́, ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, tí í ṣe ọmọ wọn, tí kì í ṣe aládùúgbò.

Ìyá Ọláníyì, ìyá Abọ́sẹ̀dé, ìyá Kíkẹ́, ẹ sùn re o. Ẹ forí jì wá.